ÌKÒKÒ TÍ A FI ÌFẸ́ SÈ

Ẹ̀kọ́ kíkà: 2 Àwọn Ọba 4:38–41
Ẹsẹ àkọ́sórí: Fílípì 1:9

Bí ẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí, bóyá ìkòkò wà lórí iná yín. Ẹ má ṣe sọ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìkòkò náà gan-an ni a fẹ́ sọ.

Nínú ẹ̀kọ́ kíkà wa, ìyàn mú ní Gílígálì. Àwọn ọmọ wòlíì jókòó níwájú Èlíṣà, ó sì ní kí wọ́n gbé ìkòkò ńlá kaná kí wọ́n lè rí nǹkan jẹ. Ọ̀kan nínú wọn jáde lọ sí oko láti wá ewébẹ̀. Ó rí ohun ọ̀gbìn kan tí ń fà nínú igbó, ó já èso rẹ̀ kún aṣọ rẹ̀, ó gbé e wálé, ó sì rẹ́ ẹ sínú ìkòkò. Kò mọ ohun tí ó já. Nígbà tí wọ́n bù ú jẹ ni wọ́n figbe ta pé ohun tí ó lè pani ni wọ́n ń jẹ yìí. Èlíṣà bèèrè ìyẹ̀fun, ó dà á sínú ìkòkò, oúnjẹ náà sì di èyí tí ó ṣeé jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkùnrin náà dáadáa. Kì í ṣe ọ̀tá. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Òun ni ó dìde nígbà tí àwọn yòókù jókòó. Ìfẹ́ ni ó gbé e lọ sí oko, ìfẹ́ ni ó sì fi ru ẹrù padà wálé. Ohun kan ṣoṣo ni ó kù fún un, èyí ni ìmọ̀. Ìdí nìyí tí Pọ́ọ̀lù, nígbà tí ó ń gbàdúrà fún àwọn ará Fílípì, kò fi dúró lórí pé kí ìfẹ́ wọn máa pọ̀ sí i nìkan. Ó fi ìmọ̀ àti òye kún un.

A TI JẸ́ ỌKÙNRIN NÁÀ RÍ

Ó yẹ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún ara wa. Ìyá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa níhìn-ín ní Ẹ̀sà-Òkè, tí àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ń bá fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí a kò rí i ní ìpàdé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a dá owó jọ, a sì lọ kí i. A kò lọ ní ọwọ́ òfo. Ẹnìkan gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹnìkan gbé ọsàn, ẹnìkan gbé àgbọn tútù. Ọmọ ọ̀kan nínú wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ti fi iyọ̀ kan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, tí wọ́n ní kì í mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. A bù lára rẹ̀ fún Ìyá. A gbàdúrà, a kọrin, a sì pe ìyàwó ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Ìyàwó wa, má ṣe fi iyọ̀ ọjà sí oúnjẹ Màmá mọ́ o. Èyí ni kí o máa fi se ọbẹ̀ wọn. Kí o sì máa fún wọn ní omi àgbọn ní àárọ̀ àti ní alẹ́."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ìyá mi," ni ó wí lórí ìkúnlẹ̀. Ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ẹsẹ̀ Ìyá kò lè gbé e mọ́. Ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège. Òru ni wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n rí i pé ohun kan tí à ń pè ní pọtásíọ̀mù ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, débi pé kò jẹ́ kí ọkàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ó ti yẹ. Dókítà bèèrè pé, "Kí ni Màmá ti ń jẹ láti ọ̀sẹ̀ kan yìí?" Ìyàwó ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọsàn, omi àgbọn, iyọ̀ Lọ́ńdọ̀nù. Àwa tí a dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ń gbọ́. Kò sí ọ̀kan nínú ohun tí ó kà tí kò ti ọwọ́ wa wá.

Ọlọ́run ṣàánú. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́. Lẹ́yìn èyí ni a tó gbọ́ pé ó ti lé ní ọdún kan tí wọ́n ti sọ fún un pé kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára mọ́. Ojú tì í láti sọ fún wa. Àwa náà kò sì bèèrè. Àwọn àgbà ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Àwa ni a ń fi ọwọ́ ara wa la ọ̀nà náà fún un, tí a sì ń kọrin lé e.

KÍ NI OHUN TÍ À Ń PÈ NÍ PỌTÁSÍỌ̀MÙ?

A kò fẹ́ kí irú èyí tún ṣẹlẹ̀. A bi àwọn nọ́ọ̀sì tí ó wà láàárín wa léèrè, a sì ka ohun tí a lè kà. Bí ẹnìkan bá ní kí ni ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti àìsàn ń wá nínú ìwàásù, kí ó rántí pé John Wesley, baba wa nínú ìgbàgbọ́ Mẹ́tọ́díìsì, tẹ ìwé ìtọ́jú ara jáde ní ọdún 1747 fún àwọn tálákà tí kò lówó oníṣègùn. Kò rò ó pé ọkàn nìkan ni Jésù wá fún.

Àwọn ìyá wa àgbà ti mọ ohun yìí kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ tí òyìnbó sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n bá sun èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ di eérú, tí wọ́n sì da omi gba inú eérú náà kọjá láti fi se ọṣẹ dúdú, pọtásíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí omi náà ń wọ́ jáde. Orúkọ òyìnbó rẹ̀ pàápàá, inú ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí eérú inú ìkòkò ni ó ti wá. Ní ọdún 1807 ni Humphry Davy, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun mìíràn.

Ohun ọ̀gbìn ń fà á mu láti inú ilẹ̀, àwa náà sì ń gbà á láti inú ohun ọ̀gbìn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo èyí tí ó wà nínú ara wa, bíi 98 nínú 100, ni ó wà nínú àwọn hóró tín-ín-tìn-tín tí Ọlọ́run fi mọ ara. Sódíọ̀mù, tí ó wà nínú iyọ̀, ni ó pọ̀ ní òde wọn. Bí ọ̀kan ti ń wọlé tí èkejì ń jáde ni iṣan fi ń ṣiṣẹ́, tí ọkàn sì fi ń lù. Kíndìnrín ni adènà. Ohun tí ó bá pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ, òun ni ó ń dà á sínú ìtọ̀. Bí adènà bá lágbára, a lè jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ láìbẹ̀rù. Bí adènà bá ti rẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó jáde yóò jókòó sínú ẹ̀jẹ̀, bí ó ti ṣe Ìyá wa.

OÚNJẸ TÍ ỌLỌ́RUN FÚN WA

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe torí èyí sá fún oúnjẹ rere o! Fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, àìjẹ pọtásíọ̀mù tó ni ewu. Ní ọdún 2012, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ pọtásíọ̀mù tí kò dín ní mílígíráàmù 3,510 ní ojúmọ́, kí iyọ̀ tí a ń jẹ má sì tó gíráàmù 5, èyí tí ó tó ṣíbí tíì kan tí kò ga. Pọtásíọ̀mù ń ti sódíọ̀mù jáde sínú ìtọ̀, ó sì ń jẹ́ kí òpó ẹ̀jẹ̀ dẹ̀. Ó ń tipa bẹ́ẹ̀ dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, ó sì ń dín rọpárọsẹ̀ kù.

Níbo ni kí a ti rí i? Nínú oko wa ni. Gíráàmù 100 iṣu tí a kò tí ì sè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 800. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní bíi 500. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀ ní bíi 360. Ẹ ò rí i pé iṣu tí àwa Ìjẹ̀ṣà fi ń gún iyán ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lọ fíìfíì! Ẹ̀wà wà níbẹ̀, kókò wà níbẹ̀, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, tòmátò, ìbẹ́pẹ àti omi àgbọn. Ẹni tí ó ń ta iṣu rẹ̀ láti fi ra oúnjẹ inú páálí tí ó kún fún iyọ̀, kí ó tún un rò.

Ní ọdún 1997, àwọn oníṣègùn tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ènìyàn dúdú. Igbó-Ọrà wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ní Nàìjíríà àti Cameroon, bíi ènìyàn 16 nínú 100 ni wọ́n bá ẹ̀jẹ̀ ríru lára wọn. Ní àwọn erékùṣù Caribbean, ó di 26. Ní Amẹ́ríkà, ó di 33. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn. Kì í ṣe ìran wa ni ó burú. Ohun tí a ń jẹ, bí a ti ń sanra sí, àti bí a ti ń gbé ayé wa ni ó yí padà bí a ti ń jìnnà sí oko. Kí àwa tí a wà nílé má sì yangàn, nítorí ohun tí ó yí padà lọ́hùn-ún ti dé ọjà tiwa pẹ̀lú.

Iyọ̀ tí a fún Ìyá náà kì í ṣe iyọ̀ burúkú. Ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà, wọ́n fi irú rẹ̀ ṣe ìdánwò ní abúlé 600, láàárín bíi 21,000 ènìyàn tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ti ní rọpárọsẹ̀ rí. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ iyọ̀ lásán, ìdá kan jẹ́ ti pọtásíọ̀mù. Ìwádìí náà jáde ní ọdún 2021: nínú rọpárọsẹ̀ 100 tí ì bá ṣẹlẹ̀, ó dín bíi 14 kù. Ṣùgbọ́n wọn kò fún àwọn tí ó ní àrùn kíndìnrín líle. Wọ́n bèèrè kí wọ́n tó fún ni. Ohun tí àwa kò ṣe nìyẹn.

ORÚKỌ TÍ Ń TANNI JẸ

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó yẹ kí a mú jáde. Ọ̀pọ̀ wa ni ó ń pe kán-ún ní pọ́táàṣì, tí a sì rò pé ọ̀kan náà ni òun àti pọtásíọ̀mù. Rárá o. Kán-ún tí wọ́n ń wà ní òkè Ọya àti ní ìhà adágún Chad, sódíọ̀mù ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Arábìnrin tí ó dín iyọ̀ kù nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ó sì ń sọ kán-ún sínú ẹ̀wà, sínú ewédú àti sínú gbẹ̀gìrì, ohun tí ó fi ọwọ́ ọ̀tún lé jáde ni ó ń fi ọwọ́ òsì pè wọlé. Bẹ́ẹ̀ sì ni èròjà onígun mẹ́rin tí à ń fọ́ sí ọbẹ̀. Iyọ̀ ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Jésù ti sọ fún wa nínú Mátíù orí 7 pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ń fi ẹnu pe Olúwa ni yóò wọ ìjọba ọ̀run, bí kò ṣe àwọn tí ń ṣe ìfẹ́ Baba. Orúkọ nìkan kò tó. Kí a wo ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

ÀWỌN ỌMỌ WA, ÀTI ẸRAN Ọ̀SÌN WA

Ìmẹ̀sí-Ilé kò jìnnà sí wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley ti ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí àwọn Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, ṣètò ìtọ́jú síbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ó kọ́ àwọn ìyá láti máa tọ́jú káàdì tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ọmọ bá ń rù. Káàdì náà kúrò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ó di ohun tí gbogbo ayé ń lò. Àwọn ìyá tí kò ka ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ fi í ṣọ́ ọmọ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ìmọ̀ kọjá agbára òun.

Ọmọ tí ó ń ya ìgbẹ́ gbuuru ń pàdánù omi, ó ń pàdánù iyọ̀, ó sì ń pàdánù pọtásíọ̀mù. Ara rẹ̀ á rọ, ikùn rẹ̀ á wú. Oògùn inú sáṣẹ́ẹ̀tì tí a ń pò mọ́ omi lítà kan ní èròjà pọtásíọ̀mù gíráàmù 1.5 nínú. Omi iyọ̀ àti ṣúgà tí a fi ọwọ́ ara wa pò nílé kò ní in. Nítorí náà, bí sáṣẹ́ẹ̀tì bá wà, òun ni kí a lò. Kí a má ṣe gba ọmú lẹ́nu ọmọ, kí a má sì fi ebi pa á. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n tí a rún dáadáa wúlò fún ọmọ tí ó ti ń jẹun.

Ẹ wo ewúrẹ́ yín pẹ̀lú. Koríko, èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó ń jẹ kún fún pọtásíọ̀mù, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò tó nínú wọn. Ìdí nìyí tí ó fi ń lá ògiri àti ibi tí ènìyàn tọ̀ sí, tí àwọn darandaran sì ń fún màlúù wọn ní iyọ̀ tàbí kán-ún lá. Ẹran mọ ohun tí ó kù fún un, òun ni ó sì ń wá. Àwa ènìyàn ni a ní iyọ̀ ní àníjù, tí a tún ń na ọwọ́ sí i lórí tábìlì.

ÌKÒKÒ KAN, OBÌNRIN MÉJÌ

Ẹ gbọ́ eléyìí, nítorí òun ni ó mú ọ̀rọ̀ náà yé wa jù. Bí a bá se iṣu tàbí ẹ̀fọ́, púpọ̀ nínú pọtásíọ̀mù rẹ̀ a máa bọ́ sínú omi. Obìnrin tí ara rẹ̀ le, kí ó fi omi díẹ̀ se iṣu rẹ̀, kí ó fi omi náà wọ́n iyán, kí ó má sì máa fún ẹ̀fọ́ nù títí yóò fi ku ìdọ̀tí rẹ̀. Obìnrin tí kíndìnrín rẹ̀ kò lágbára, kí ó gé iṣu náà wẹ́wẹ́, kí ó sè é nínú omi púpọ̀, kí ó sì da omi náà nù. Ohun tí ó jẹ́ àdánù fún ọ̀kan ni ó jẹ́ ìtọ́jú fún èkejì. Iṣu kan náà ni, iná kan náà ni.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Òmíràn ń mú ni tọ̀, ó sì ń kó pọtásíọ̀mù jáde. Òmíràn, bíi lisinopril àti spironolactone, ń dá a dúró sínú ara. Ẹni tí ó bá fi oògùn rẹ̀ ta arábìnrin rẹ̀ lọ́rẹ nítorí pé "ó bá èmi lára mu" ń já èso igbó sínú ìkòkò.

KÍ NI ÌYẸ̀FUN TIWA?

Èlíṣà kò fọ́ ìkòkò náà. Kò sì lé ọkùnrin náà jáde. Ó ní kí wọ́n mú ìyẹ̀fun wá. Nínú ìpàdé wa, a fohùn ṣọ̀kan lórí ohun mẹ́ta tí yóò jẹ́ ìyẹ̀fun tiwa.

Èkíní, a ó máa bèèrè. Kí a tó ra ohunkóhun fún aláìsàn, a ó bi í, tàbí ẹni tí ń tọ́jú rẹ̀, pé, "Kí ni dókítà ní kí ẹ má jẹ?"

Èkejì, a ó máa yẹ ara wa wò. A ó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ní ìpàdé. Ẹni tí ó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó jẹ́ kí wọ́n yẹ kíndìnrín òun wò ní ilé ìwòsàn. Kíndìnrín kì í tètè pariwo.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù. A ó pa àṣírí ara wa mọ́. Kí ni ìdí tí ojú fi ti Ìyá? Ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá sọ ní ìpàdé ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, a ó ti gbọ́ ọ ní ọjà kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ẹnu wa bá ń jò, àwọn arábìnrin wa yóò máa kú pẹ̀lú àìsàn tí wọn kò lè dárúkọ. Kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ nìkan ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìyá. Ẹnu wa wà níbẹ̀.

A bẹ Ìyá, ó sì dárí jì wá. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè, ó wá. A ti ń se iṣu lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí ó yọ sí wa, tí ó tẹ ọ̀pá rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ iná. Ó wo inú ìkòkò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi gé tèmi wẹ́wẹ́," ni ó wí, "kí ẹ sì da omi rẹ̀ nù. Kíndìnrín mi kò gbé e." Ó sọ ọ́ sókè, ojú kò tì í. Àwọn méjì ni wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti gbé ìkòkò mìíràn kaná fún un.

ÀDÚRÀ

Baba wa ọ̀run, a dúpẹ́ fún iṣu, fún ẹ̀fọ́, àti fún ọwọ́ tí ń sè é. Dárí ìfẹ́ tí kò bèèrè jì wá. Fi ìmọ̀ kún ìfẹ́ wa, fi ìṣọ́ sí ẹnu wa, kí ìkòkò wa má ṣe di ikú fún ẹnikẹ́ni. Nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí Èlíṣà kò fi bá ẹni tí ó já èso náà wí?
2. Ta ni ó ń ṣàìsàn ní agbègbè rẹ tí o ti fún ní oúnjẹ tàbí oògùn láìbèèrè?
3. Báwo ni ẹgbẹ́ wa ṣe lè di ibi tí arábìnrin ti lè sọ àìsàn rẹ̀ láìtijú?